Oògùn ẹ̀fọ́rí alápòpọ̀: ẹ yí páálí padà kí ẹ tó gbé e mì

Ohun tí mò ń gbọ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, àgàgà lálẹ́ Jímọ̀, ni "Dókítà, ẹ bá mi po nǹkan kan jàre, orí fẹ́ pa mí." (Gbogbo ẹni tó bá ti dúró sí kẹ́míìsì ni dókítà lójú wọn.) Èmi kì í po oògùn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe é ti pò ó tán. Hóró Panadol Extra kan ní paracetamol 500 mg àti caffeine 65 mg. Excedrin Migraine tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ní paracetamol 250 mg, aspirin 250 mg àti caffeine 65 mg nínú hóró kan. Caffeine yẹn ló ń ti àwọn tó kù lẹ́yìn.

Bó bá ṣe pé ńṣe ló fún yín ní orí yíká bíi gèlè tí wọ́n wé le jù, tí ọrùn náà sì ń ro yín, ẹ jẹun díẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ tó lo oògùn. Ti túúlu yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sábà máa ń mú, á máa lù kìkì, èébì á máa gbé yín, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ á di ọ̀tá. Ẹ má dúró kó gbóná tán. Bí túúlu bá ti wọra, ikùn kì í tètè da oògùn mọ́, ẹ sì lè bì í dànù.

Àgbàlagbà lè lo Panadol Extra méjì, kó dúró ó kéré tán wákàtí 4 kó tó tún lò ó, kó má sì kọjá hóró 8 láàárín wákàtí 24. Ti Excedrin Migraine, hóró 2 péré ni láàárín wákàtí 24.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé. Ìyá kan tó ń taṣọ l'Óyìngbò ní oògùn ò ran òun. Mo ní kó da pọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí káńtà. Paracetamol lásán, oògùn ọ̀fìnkìn, àti Panadol Extra tó ti jẹ dé ìdajì ló jáde. Mo yí káàdì kọ̀ọ̀kan padà, mo fi ìka tọ́ka sí i: paracetamol, paracetamol, paracetamol. Ó ní, "Háà! Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn?" Paracetamol ò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg lóòjọ́, láti ibikíbi tó bá ti wá. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, kì í sì í pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń mu ọtí dáadáa, kó bi wá léèrè ná.

Caffeine náà wà nínú obì àti kọfí, nítorí náà ẹni tó bá jẹ obì lálẹ́, tó tún gbé oògùn yìí mì, kó má bínú sí oorun.

Èyí tó bá ní aspirin kì í ṣe ti ọmọ tí kò tó ọdún 16, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí aspirin ń ru ikọ́ fée rẹ̀ sókè, tàbí ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Aboyún, ẹ lọ bá dókítà yín.

Bí ara bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ibà. Àmọ́ bí ẹ̀fọ́rí bá já lu yín lójijì tí irú rẹ̀ ò ṣe yín rí, tí ọrùn gan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ńlá LUTH tàbí jẹ́nẹ́rà tó bá súnmọ́ ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má yà sọ́dọ̀ mi.

Ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá lò ó. Bó bá ń tó ọjọ́ 10 lóṣù, tó sì ti ju oṣù 3 lọ, oògùn náà gan-an lè ti máa fa ẹ̀fọ́rí. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ọ̀hún tọ dókítà lọ. Oògùn wà tí kì í jẹ́ kí túúlu máa wá lemọ́lemọ́, òun ló sì lè kọ ọ́ fún yín.