Bí A Ṣe Lè Ní Kí Àlejò Bọ́ Bàtà Láì Fi Àbùkù Kàn Án

Bíbọ́ bàtà kí ènìyàn tó wọlé kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín àwa Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ dé iwájú ọba mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ ṣí fìlà, kí òun sì bọ́ bàtà. Mùsùlùmí ń bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1925, àti àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí Samuel Bilehou Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní ọdún 1947, kì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn wọn. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹni tó ń bọ̀ ti mọ òfin kí ó tó kúrò nílé, kò sì sí ẹni tí a dá yọ sọ́tọ̀. Ilé àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Onílé kan lè ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, kí ti aládùúgbò rẹ̀ má rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà àlejò kò lè mọ̀ àfi bí a bá jẹ́ kí ó mọ̀, ibi tí a ti ń sọ ọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń bàjẹ́. Ìmọ̀ràn mi fún onílé ni pé kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí ẹnu tirẹ̀ tó là, àti pé níbi tí ọ̀wọ̀ ènìyàn àti ìmọ́tótó ilẹ̀ bá ti kọlu ara wọn, ilẹ̀ ni kí ó yẹ̀ fún ènìyàn.

Kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi fẹ́ òfin náà, nítorí pé àlejò máa ń tètè gba ohun tí ó bá rí ìdí rẹ̀. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ojú títì àti omi gọ́tà ni bàtà ń kó wọlé. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Ilé tí ọmọ ọwọ́ ti ń rákò, tí ó ń ṣa ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀ sẹ́nu, kò nílò àlàyé púpọ̀. Bákan náà ni ilé Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń kírun ní pálọ̀, nítorí ibi tí a ó forí kanlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kúrò nínú ẹ̀gbin. Bí ó bá sì jẹ́ pé táìlì tuntun ni a kò fẹ́ kó tètè bàjẹ́, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ẹ̀sìn tàbí ìlera bò ó mọ́lẹ̀, nítorí kò ní pẹ́ tí àlejò yóò fi rí àwọn ọmọ ilé tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tàwọn ti bàtà. Òfin tí onílé fúnra rẹ̀ kò pa mọ́ kò ṣeé gbé ka àlejò lórí. (Àwọn tó dàgbà nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilẹ̀ wa yóò rántí pé wọ́n a máa ní kí a bọ́ bàtà kí a tó wọ yàrá tí wọ́n kó o sí, nítorí eruku. A kì í bínú, torí pé ìdí rẹ̀ yé wa.)

Lẹ́yìn èyí ni kí ó tún ẹnu ọ̀nà ṣe. Kí ó tẹ́ ìnusẹ̀ síta, kí ó sì tẹ́ òmíràn sínú. Kí ó gbé pẹpẹ tí a ń to bàtà sí síbi tí ojú yóò kọ́kọ́ bà, kí bàtà àwọn ará ilé ti wà lórí rẹ̀, kí àyè sì ṣẹ́kù fún ti àlejò. Ẹni tó lójú inú tó bá rí bàtà tí a tò sẹ́nu ọ̀nà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tirẹ̀ kí onílé tó sọ nǹkan kan. Kí ìjókòó kan wà nítòsí, nítorí pé àgbàlagbà kò lè dá ẹsẹ̀ kan dúró kí ó máa tú okùn bàtà, obìnrin tó wọ bàtà gogoro náà yóò sì fẹ́ jókòó bọ́ ọ. Kí sílípáàsì mímọ́ wà níbẹ̀, ńlá àti kékeré, kí ó má sì jẹ́ èyí tí a fi ń wọ ilé ìwẹ̀, nítorí kò sí àlejò tí inú rẹ̀ ń dùn sí bàtà tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ti ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá, inú ilé ni kí pẹpẹ náà wà, kí bàtà àlejò má baà di àwátì, kí òjò má sì pa á.

Èyí tó ṣe kókó jù ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní kí àlejò bọ́ bàtà ti jẹ ẹ́ ní gbèsè ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìbọ̀sẹ̀ funfun bá wọ pálọ̀ tí ó sì jáde ní dúdú, ẹ̀tọ́ onílé láti sọ̀rọ̀ bàtà ti parí lójú àlejò náà. Kí a gbálẹ̀, kí a nu ún, kí a sì dúró kí ó gbẹ, nítorí táìlì tútù máa ń yọ̀. Ní ti ìwé tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé kí gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà, kò wù mí, torí pé ó ń sọ ilé ẹni di ọ́fíìsì. Síbẹ̀ ó sàn ju kí onílé máa ráhùn lẹ́yìn tí àlejò bá lọ tán.

Bí ó bá wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu, kíkí ni ó ṣáájú. Kí a kí àlejò káàbọ̀, kí a kí i kú ìrìn, kí a gba ẹrù ọwọ́ rẹ̀, kí a béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó tó kan bàtà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ parí sẹ́nu ọ̀nà, nítorí ẹni tó ti la pálọ̀ kọjá tó sì ti jókòó kò ṣeé dá padà mọ́. Kí a má ṣe tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ọ́, kí ó má baà rò pé bàtà tòun ni ó dọ̀tí ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Gbólóhùn tó dára lè lọ báyìí: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, a máa ń bọ́ bàtà síbí nítorí ọmọ tó ń rákò, bàtà ilé rèé fún yín.” Onílé ti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó ti sọ ìdí, ó sì ti nawọ́ ohun tí àlejò yóò wọ̀ sí i. Fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ ẹni, “Jọ̀ọ́, bá mi bọ́ bàtà síbẹ̀ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni” ti tó. Ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó, “Ẹ bọ́ bàtà yín!” lásán, láìsí ẹ jọ̀wọ́, ti jẹ́ ohùn líle, bí ó ti wù kí onílé máa rẹ́rìn-ín tó.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ó gba ọgbọ́n jù. Ọmọ kì í pàṣẹ fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ló kọ́ ilé. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí sílípáàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín bọ́ bàtà, kí ẹsẹ̀ yín lè sinmi.” Ìtọ́jú ni ó dà yẹn, kì í ṣe òfin mọ́, ọ̀pọ̀ àgbà yóò sì na ẹsẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Bí bàbá bá kọ̀, tí ó dáhùn pé, “Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi,” kí a gbà bẹ́ẹ̀, kí a mú un wọlé, kí a sì nu ilẹ̀ nígbà tí ó bá lọ. Kí a má ṣe rán ọmọ kékeré láti lọ sọ fún àgbà pé, “Mọ́mì ní kí ẹ bọ́ bàtà.” Ọmọ lè gbé sílípáàsì wá, kí ó sì kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ òun ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ìyá ọkọ ni ó ń bọ̀, ọkọ ni kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ náà lórí fóònù kí ó tó dé, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu ìyàwó lè di ohun tí wọn yóò rò lọ́dún mẹ́wàá òní.

Ìtìjú àwa onílé náà tún máa ń dá ìṣòro sílẹ̀. Àlejò tó mọ̀wà yóò béèrè fúnra rẹ̀ pé, “Ṣé kí a bọ́ bàtà?” Onílé yóò sì yára dáhùn pé, “Áà, rárá o, ẹ máa wọlé, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.” Nígbà tí àlejò bá wọlé tán, onílé yóò wá máa fi ojú tẹ̀lé gbogbo ibi tí ó bá tẹ̀, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yóò sì tutù láìsí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Bí àlejò bá ti béèrè, ó ti gba ẹrù kúrò lórí onílé, kí onílé dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣeun, ẹ bá wa bọ́ ọ síbí.” Bí onílé bá sì ti sọ pé kí àlejò máa gbé e wọlé, kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ bàtà títí àlejò yóò fi lọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí a sọ ọ́ fún rárá. Àwọn dókítà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ pé kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kódà nínú ilé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìrora mọ́, kí ó gbọgbẹ́ láìmọ̀, kí egbò náà sì pẹ́ kí ó tó jinná. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò fẹ́ ka àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà bí ẹnìkan bá lọ́ tìkọ̀, kí a má béèrè ìdí. Ẹni tó wá bá wa kẹ́dùn, àti àwọn àna tó wá fún mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, kí a jẹ́ kí wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe wá. Oníṣẹ́ iná tàbí ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe nílò bàtà rẹ̀ fún ààbò. Aṣọ àlòkù tàbí ìwé ìròyìn ni kí a tẹ́ sí ọ̀nà tí yóò gbà.

Bí ó bá jẹ́ ayẹyẹ, bí ìkómọ, kí a dá òfin náà dúró fún ọjọ́ náà, kí a ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, tàbí kí a ta kánópì síta. Ó rọrùn ju kí ọgọ́rùn-ún bàtà dí ẹnu ọ̀nà lọ. Àwọn obìnrin tó ran aṣọ wọn mọ́ ìwọ̀n bàtà gogoro yóò máa wọ́ etí rẹ̀ nílẹ̀ bí wọ́n bá bọ́ bàtà náà. Fún ìpàdé kékeré, kí a ti kọ ọ́ mọ́ ìkéde WhatsApp, kí oníkálukú lè wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò ya.

Àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ní ìlú ọba ní ìdí mìíràn. Kápẹ́ẹ̀tì ló kún inú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ láti ògiri dé ògiri, òjò àti ẹrẹ̀ kì í sì í jìnnà. Ní England, òfin ọdún 2019 lórí owó tí ayálégbé ń san kò jẹ́ kí owó ìdógò ju owó ilé ọ̀sẹ̀ 5 lọ níbi tí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé ṣì lè yọ nínú rẹ̀ nítorí kápẹ́ẹ̀tì tí a bàjẹ́ kọjá lílò ojoojúmọ́. Ìdí gidi nìyẹn, kí a sì sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti ilé kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a sọ fún ẹni tó bá kọ̀; ìkejì ti di ìjà. Bí àlejò bá ń lọ, kí a kọjú bàtà rẹ̀ síta, kí a gbé ìjókòó sún mọ́ ọn, kí a sì dúró tì í títí yóò fi wọ̀ ọ́ tán. Bí ẹlòmíràn bá ti ṣèèṣì wọ tirẹ̀ lọ, kí a pe gbogbo àwọn tó ti kúrò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí a sì fún un ní èyí tí yóò wọ̀ délé. Bí bàtà náà kò bá wá padà, onílé ni kí ó ra òmíràn fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni àlejò tẹ̀ lé tí ó fi bọ́ ọ sílẹ̀.