Bí Ènìyàn-Ẹṣin Bá Wọ̀ sí Ilé Yín: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Àbújá inú Ayé Ìtàn

Nínú ayé ìtàn tí a kọ ìwé yìí fún, bí ìkórè bá ti parí ni àwọn ènìyàn-ẹṣin máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti apá Katsina àti Kano wá sí agbègbè Àbújá. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Yorùbá tó wà ní Kuje, Gwagwalada àti Suleja ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀ sí, títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀. Láti ìbàdí sókè, ènìyàn ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹṣin pátápátá. Àgbàlagbà wọn a máa wọ̀n tó 350 kìlógíráàmù, ìwọ̀n yẹn la sì fi ṣe gbogbo ìṣirò tó wà níbí. Ohun tó ń fa ìjàǹbá jù ni pé ojú ènìyàn ni onílé ń wò bó bá ń bu oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ikùn ẹṣin ni oúnjẹ ọ̀hún ń lọ.

Oúnjẹ

Àpò ikùn ẹṣin kéré sí ara rẹ̀: kò gbà ju lita 8 sí 15 lọ. Ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn ló ń ṣiṣẹ́ gidi, níbi tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ti ń sọ koríko di agbára díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá ti wọlé kò tún gba ẹnu jáde mọ́. Nítorí náà, "ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un", tí Yorùbá fi ń yẹ́ àlejò sí, lè pa ènìyàn-ẹṣin kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlógíráàmù 7 tí a bá wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ. Kí 5.5 jẹ́ harawa (ewé àti itàkùn ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n ń tà lọ́jà) tàbí koríko gbígbẹ tó mọ́. Kí 1.5 tó kù jẹ́ dùsà (èèrí ọkà), jéró tàbí ọkà bàbà, tí ẹ óò pín sí ọ̀nà mẹ́ta láàárín ọjọ́. Ẹ lo òṣùwọ̀n. Múdù ọjà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Iyọ̀ tó nǹkan bí 30 gíráàmù lójúmọ́ yẹ kó wà nínú rẹ̀, pàápàá bí oòrùn bá mú.

Ẹnu ènìyàn kò lè já koríko jẹ, eyín wa kò sì gbòòrò tó ti ẹṣin. Odó ni ẹ óò fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ gún harawa títí tí ìgékúrú rẹ̀ kò fi ní gùn ju orí ìka lọ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó pò ó mọ́ dùsà. Ẹ má gún un di lẹ́búlẹ́bú o. Ìyẹ̀fun a máa dì sínú ìfun, ìfun náà sì nílò ohun tó ní okùn nínú kó tó lè máa rìn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́ ni kó jẹun, díẹ̀díẹ̀. Bó bá fẹ́ tọ́ iyán wò, òkèlè méjì tó.

Bó bá ń bọ̀ láti ibi tí jéró ti jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, ẹ má yí i padà sí ọkà bàbà lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 7 sí 10 ni kó gbà: ìdá kan nínú mẹ́rin tuntun pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àtijọ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ máa pọ̀ ọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Bí hóró oúnjẹ bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, ó lè di inú rírun, ó sì lè sọ pátákò di gbígbóná, kí àlejò yín má lè tẹ ẹsẹ̀ iwájú mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀ rárá. Àgbàdo tó bu: oró inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́. Ewé ọkà bàbà tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù: oró wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ adìẹ, òun sì ni àwọn tó ń sin adìẹ ń ṣèèṣì bù fún un jù, torí ó jọ dùsà. Òògùn monensin tí wọ́n ń pò mọ́ òmíràn nínú rẹ̀ kì í ṣe adìẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́ pátápátá. Ẹ gbé àpò rẹ̀ sí yàrá ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi igbá ọ̀tọ̀ bù ú.

Bí inú bá ń run ún

Ọkàn méjì ni ènìyàn-ẹṣin ní. Ti òkè ń lù bíi ti wa. Ti ìsàlẹ̀ ń lù ní ìgbà 28 sí 44 láàárín ìṣẹ́jú kan bí ara bá balẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ bí ẹ bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn ìgúnpá ẹsẹ̀ iwájú òsì. Bó bá ń bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣáá, tó ń fi pátákò wa ilẹ̀, tó ń làágùn láìṣiṣẹ́, tó fẹ́ yí gbiri lórí ilẹ̀, tí kò sì yàgbẹ́, inú ń run ún nìyẹn, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín pé "ara mi le". Ìtìjú ni ẹnu ń sọ.

Ẹ gbé gbogbo oúnjẹ kúrò nílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ rọra mú un rìn fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi. Ẹ má rọ òróró tàbí àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bí ọkàn ìsàlẹ̀ bá ti ń lù kọjá 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká máa wò ó títí di àárọ̀: ẹ pe dókítà. Dókítà ẹran ni ẹ óò pè ní tòótọ́, ṣùgbọ́n "dókítà ìsàlẹ̀" ni kí ẹ pè é lójú àlejò.

Omi

Bí ojú ọjọ́ bá tutù, lita 20 lè tó o. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, bó bá ti oko dé, ó lè tó 40. Kẹ́ẹ̀gì 25 lita méjì lójúmọ́ ni kí ẹ bá mai ruwa (ẹni tó ń ta omi kiri) sọ ọ́ mọ́, láìka ti ìwẹ̀.

Ilé àti orun

Orí rẹ̀ ga tó mítà 2.2 nígbà tí ilẹ̀kùn ilé wa kì í ju 2.1 lọ. Ìyẹn ni pé bó bá wọlé láìtẹrí, yóò fi iwájú orí gbá lẹ́ńtẹ̀lì. Fáànù àjà burú jù bẹ́ẹ̀: bó bá na ọwọ́ sókè láti fi kí ènìyàn, ọwọ́ ti dé ibi tí abẹ́ rẹ̀ ń yí. Ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ pa á. Táìsì pálọ̀ ń yọ̀ lábẹ́ pátákò. Ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí ẹní tó nípọn sórí rẹ̀.

Ibi tó dára jù fún un ni abà tó ní òrùlé, tó fẹ̀ ní mítà 3.6 lọ́nà méjèèjì, tí pàǹtí gbígbẹ wà nílẹ̀ rẹ̀. Ó lè tòògbé lórí ìdúró, torí ẹsẹ̀ ẹṣin ń ti ara rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n oorun àsùnwọra kò sí fún un àfi bó bá dùbúlẹ̀. Bí àyè kò bá gbà á dùbúlẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, yóò máa ṣubú lójú oorun.

Ìwà àti ẹrù

Ẹ pè wọ́n ní Bọ̀dá, Ántí tàbí Màámá bí ọjọ́ orí wọn bá ṣe rí. "Ẹlẹ́ṣin" kì í ṣe orúkọ wọn. Ẹni tó gun ẹṣin là ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gun wọ́n. Orúnkún iwájú kan ni wọ́n ń fi kanlẹ̀ láti kí àgbà. Ìdọ̀bálẹ̀ wọn nìyẹn, kí bàbá ilé má bínú. Bí ẹ bá ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ẹ ti ọ̀nà jíjìn kí wọn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti lè ta ènìyàn nípàá kí orí tó mọ ẹni tó dé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé.

Bó bá gbà láti bá yín ru ẹrù, kó má ju 50 kìlógíráàmù lọ, 25 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ iwájú ló ti ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n ara. Ẹ gbé ẹrù sẹ́yìn díẹ̀, kó má sún mọ́ ìbàdí.

Pátákò, eṣinṣin àti ìgbẹ́

Ọwọ́ rẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹnì kan nínú ilé ni yóò máa bá a họ inú pátákò lójoojúmọ́, kí wọ́n sì bá a gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí ibi rírọ̀ àárín rẹ̀ bá dúdú tó sì ń rùn, ẹrẹ̀ ló fà á: ilẹ̀ gbígbẹ ni òògùn àkọ́kọ́.

Ẹ má jẹ́ kó dúró pẹ́ létí odò tí igi bò. Ibẹ̀ ni eṣinṣin tsetse ń gbé, tó ń fúnni ní sammore (àìsàn oorun ti ẹran). Eṣinṣin yìí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ lè pẹ́ nínú igbó kìjikìji. Ibà tó wá, tó lọ, tó tún padà, tí ara sì ń rù bó ti ń jẹun tó, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìgbẹ́ rẹ̀ lè tó kìlógíráàmù 15 lójúmọ́. Sọ́kàwéè kò lè gbà á. Ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, kí ẹ fi zana (ẹní koríko tí wọ́n ń fi ṣe ọgbà) yí i ká. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú ìgbẹ́ ẹṣin, nítorí náà ẹni tó ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láìwọ bàtà òjò. Bí ẹ bá pò ó mọ́ koríko tí ẹ sì bò ó fún oṣù mẹ́ta, ó dára fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.