Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Láàrin Eré Ìje Méjì: Bí Mo Ṣe Tọ́jú Ẹsẹ̀ Mi ní Òṣogbo

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré ló wà láàrin eré ìje Two Oceans tí mo sá ní Cape Town ní oṣù Kẹrin àti eré ìje Comrades tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ní oṣù Kẹfà. Ultramarathon ni àwọn méjèèjì, ìyẹn eré ìje tó gùn ju kìlómítà 42.2 ti máratọ́ọ̀nù lọ. Kìlómítà 56 ni Two Oceans. Comrades ní tirẹ̀ máa ń wáyé láàrin Durban àti Pietermaritzburg. Bí wọ́n bá gòkè lọ́dún kan, wọ́n sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní ọdún tí mo lọ, gígòkè ló kàn, nǹkan bí kìlómítà 86 láti Durban ní etíkun lọ sí Pietermaritzburg. Ọ̀pọ̀ sárésáré ní Gúúsù Áfíríkà máa ń sá méjèèjì nínú ọdún kan náà, wọ́n sì ti mọ bí a ṣe ń ṣe é. Èmi tí mo ń gbé Òṣogbo, tí n kò mọ ẹnikẹ́ni nítòsí tó ti dán irú rẹ̀ wò rí, ní láti fara balẹ̀ wá ọ̀nà tèmi. Bí mo ṣe lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà ni mo fẹ́ ròyìn, n kò sì ní fi àṣìṣe tí mo ṣe ní ọjọ́ kejìlá pa mọ́, nítorí pé òun ló yí gbogbo ètò mi padà.

Wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 21 ni mo fi parí Two Oceans. Gígun òkè Chapman's Peak àti Constantia Nek kò ṣe mí ní ohun tí sísọ̀ kalẹ̀ láti orí wọn ṣe mí. Nígbà tí ènìyàn bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹran iwájú itan máa ń nà ní àkókò kan náà tí ó ń sa agbára láti sunkì, kí ó lè dá ara dúró kí ó má baà ré lulẹ̀. Fífà síhìn-ín fà sọ́hùn-ún yìí ló ń já àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú ẹran náà. Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń le jù láàrin ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni mo sì wà nínú ọkọ̀ òfuurufú láti Johannesburg sí Èkó, tí mo ń dìde ní wákàtí wákàtí láti rìn kí ẹsẹ̀ mi má baà wú. Nígbà tí ọkọ̀ láti Èkó já mi sílẹ̀ ní Ọláìyá, ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀ kalẹ̀, tí mo di ilẹ̀kùn mú, nítorí pé itan mi kò lè gbé mi bí mo bá kọjú síwájú.

Ìyá mi ti gbé omi gbígbóná àti òrí kalẹ̀ kí n tó délé. Wọ́n fẹ́ fi agbára wọ́ ẹsẹ̀ mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún bàbá mi nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi òrí náà pa á fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí pé ẹran tó ti já nínú kò fẹ́ kí a tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ mọ̀ pé wọn kì í ta ẹsẹ̀ ní Ọjà Ọba?"

Mo ní, "Mo mọ̀, mà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ rọra."

Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé n kò ní sáré rárá fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ní àràárọ̀ kí n tó dìde lórí ibùsùn, mo ń kọ iye ìgbà tí ọkàn mi lù ní ìṣẹ́jú kan, iye wákàtí tí mo fi sùn, àti àwọ̀ ìtọ̀ mi. Nígbà tí ara mi bá le dáadáa, ọkàn mi máa ń lù ní ìgbà 54. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní Òṣogbo, ó jẹ́ 67. Ó di 63 ní ọjọ́ karùn-ún, kò sì padà sí 54 títí di ọjọ́ kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ìrora itan mi ti tán láti ọjọ́ kẹfà. Nǹkan yìí jẹ́ kí n rí i pé ara ṣì ń ṣiṣẹ́ àtúnṣe lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ìrora bá ti dákẹ́. Mo tún yẹra fún àpèjẹ àti èrò ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí pé lẹ́yìn irú eré báyìí ara kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ láti lé àìsàn padà. Síbẹ̀ ọ̀fìnkìn mú mi fún ọjọ́ mẹ́rin.

N kò lo oògùn apàrora bíi ibuprofen. Kíndìnrín ti ṣiṣẹ́ kárakára nígbà eré, nítorí òùngbẹ, ooru àti ìdọ̀tí tó ń jáde láti inú ẹran tó já, irú oògùn yìí sì lè tún dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Yàtọ̀ sí èyí, ìrora ni ìwọ̀n kan ṣoṣo tí mo ní lórí ẹsẹ̀ mi, n kò sì fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́.

Oúnjẹ ni mo gbájú mọ́ jù. Ṣúgà tí ara ń kó pamọ́ sínú ẹran àti ẹ̀dọ̀, tí eré ìje máa ń gbọ́n gbẹ, lè kún padà láàrin ọjọ́ kan sí méjì bí ènìyàn bá jẹ iṣu, ìrẹsì tàbí àmàlà tó. Títún ẹran tó já ṣe ló ń gba àkókò, ohun tó sì nílò ni ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà, tí a pín ká ọjọ́ dípò kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí alẹ́. Láàárọ̀, mo ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà ìyá kan ní Òkè-Fìà tó mọ̀ mí, tó sì máa ń bù sí i fún mi. Lọ́sàn-án, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tàbí iyán pẹ̀lú ẹja tútù. Lálẹ́, mo ń fi wàrà díndín àti ẹ̀fọ́ rìrò jẹ ìrẹsì. Àsìkò máńgòrò ni, mo sì jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Mo gbà pé kò sí oúnjẹ kankan tí sárésáré ń rà nínú agolo tí ọjà Òṣogbo kò ní èyí tó dára tó o.

Àṣìṣe mi dé ní ọjọ́ kejìlá. Ara mi ti yá, ọkàn mi ti padà sí 54, mo sì ti sáré ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì láìsí wàhálà. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ máa ń sáré ní ìdájí Sátidé ní kí n bá àwọn sá kìlómítà 5. Nígbà tí a dé kìlómítà 5 tí ara mi mókun, mo bá wọn lọ, a sì gba ọ̀nà Gbọ̀ngán jáde títí a fi pé 16. N kò ní ìrora kankan lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ibi tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ti so mọ́ gìgísẹ̀ ní ẹsẹ̀ òsì le gan-an, bí ẹni pé wọ́n fi okùn dè é, ó sì ń ro mí nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ bá obìnrin kan tó jẹ́ oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Ó fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró lórí ọmọ-ìka, lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé fún mi pé, "Ẹran ara yín ti san. Iṣan tó so ó mọ́ egungun ni kò tíì san, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré, ìyàtọ̀ ọjọ́ ìwòsàn wọn sì pọ̀. Ẹ ti ń fi ẹran tó ti san fa okùn tí kò tíì san." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Gbogbo ohun tí mo ń kọ sínú ìwé mi láàárọ̀, ọkàn, oorun àti ìtọ̀, kò sí èyí tó lè sọ ti okùn yẹn fún mi.

Ohun tí ó ní kí n ṣe kò ṣòro, ó kàn fẹ́ sùúrù. Mo dúró ní etí àtẹ̀gùn ilé wa, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbéra sókè lórí ọmọ-ìka, mo wá fi ẹsẹ̀ òsì nìkan rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ kọjá etí àtẹ̀gùn náà, ìgbà 15 lẹ́ẹ̀mẹta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní ìrora díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ sí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n dín in kù. Fún ọjọ́ mẹ́jọ n kò sáré. Mo gun kẹ̀kẹ́ ológeere, mo sì ń rìn gba abẹ́ igi lọ sí ìtòsí igbó Ọ̀ṣun, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí ọkọ̀ kò sì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ náà le fún mi ju kìlómítà 56 lọ, torí pé mo ń ka ọjọ́ tó kù sí Comrades lórí ìka.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń sáré ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ń rìn ìṣẹ́jú kan, ní ọjọ́ kan lẹ́yìn èkejì. Mo dáwọ́ dúró láti máa bi ara mi léèrè bí ara mi ṣe rí nígbà tí mo ń sáré. Bí gìgísẹ̀ mi ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo fi ń pinnu ohun tí mo máa ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ti lè sáré wákàtí kan láìdúró, aago márùn-ún ìdájí kí oòrùn tó mú.

Òkè ni Òṣogbo kò ní tó. Comrades ní òkè ńlá márùn-ún tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ wọn: Cowies, Field's, Botha's, Inchanga àti Polly Shortts. Òkè-Fìà kò gùn tó láti fi múra de irú wọn. Ní Sátidé méjì, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìkìrun lọ sí Ìgbájọ, mo sì ń lọ tí mo ń bọ̀ lórí ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Ilẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì láti 1877, ẹni tó bá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ibẹ̀ yóò mọ ìdí tí kò fi rọrùn fún ìhà kan láti lé èkejì. Mo rin òkè tó bá dúró ṣánṣán, mo sáré èyí tó bá tẹ́, torí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn. Ní Sátidé àkọ́kọ́ mo sá 30, mo tún sá 18 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ Àìkú kí ẹsẹ̀ lè mọ bí ó ṣe ń rí láti sáré nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé kejì mo sá 38, n kò sì kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹran tó bá ti já nígbà kan nítorí sísọ̀ òkè, tó sì ti san, kì í já bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ara ti kọ́ ọ. Nítorí náà, ìyà tí Chapman's Peak fi jẹ itan mi kò lọ lásán. N kò ní láti tún fi sísọ̀ òkè dá ara mi lóró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sáré sọ̀ kalẹ̀ kíkankíkan ní Ìgbájọ.

Mo fi ìgbà náà wọn omi tó ń jáde lára mi. Mo gun òṣùwọ̀n kí n tó jáde àti nígbà tí mo dé, mo sì rí i pé nínú ooru oṣù Karùn-ún mo ń pàdánù ju lítà kan lọ ní wákàtí kan. Síbẹ̀ n kò gbìyànjú láti fi omi inú ọ̀rá dí gbogbo rẹ̀. Àárín àwọn sárésáré Comrades ni Tim Noakes, oníṣègùn ará Gúúsù Áfíríkà, ti kíyè sí i pé omi àmujù lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dínkù títí ènìyàn yóò fi dákú. Mo ń mu ún nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, mo sì ń fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí i.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, mo dín gbogbo rẹ̀ kù sí ìdajì, lẹ́yìn náà sí ìdá mẹ́rin. Mo sùn, mo jẹun, mo ń ṣe ti àtẹ̀gùn lọ.

Wákàtí 12 ni wọ́n fi ààlà sí ní Comrades, ìyẹn ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 22 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45 ni mo pinnu fún ara mi. Ní Durban, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n lu ohùn àkùkọ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, ìbọn sì dún. Mo wọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀sì, tí ẹnì kan tó mọ ìwọ̀n ìrìn máa ń ṣáájú wọn, mo sì bá wọn rin gbogbo ibi tí wọ́n bá rìn. Gìgísẹ̀ òsì mi fà díẹ̀ ní Inchanga, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Mo rin Polly Shortts láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 8 ni mo fi dé òpin, wọ́n sì fún mi ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi sọ orí Vic Clapham, awakọ̀ ojú irin tó dá eré náà sílẹ̀ ní 1921 ní ìrántí àwọn tí wọ́n jọ jagun.

Nígbà tí mo padà sí Ọláìyá ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn eré náà, mo kọjú síwájú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gígòkè tó pọ̀ ju sísọ̀ lọ ló fà á, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí itan mi ti kọ́ ní Cape Town. Ọkàn mi lù ní ìgbà 66 ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ sínú ìwé náà, mo sì ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síwájú kí n tó fi àmì sí ọjọ́ tí mo tún máa sáré.