Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì Tòkunbọ̀: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé Tó Ní Ọkọ̀ ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Lásìkò kòkó tó kọjá, àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìdànrè ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ méjì sínú pikọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Èkínní kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Owó kòkó ló fi ra èkínní, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló yá ra èkejì. Nígbà tí a tú rédíétọ̀ ọkọ̀ náà, ẹrẹ̀ ló kún inú rẹ̀: ẹrẹ̀ omi odò tí wọ́n ti ń bù sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó yẹ rédíétọ̀ yìí wò kí wọ́n tó ra ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́. Kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ra èkejì.

Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ fi ní ká kọ ìwé yìí kí wọ́n tó tún yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ́ńjìnnì. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí ọ́ìlì tàbí bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà oko. Ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí lemọ́lemọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ: ẹ̀ ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ sì ń fi ohun tó pa á sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Ẹ wọ̀n ọ́n ná

Etí mẹkáníìkì kì í ṣe òṣùwọ̀n. Bó bá gbọ́ ìró, tó rí èéfín, tó sì ní "ẹ́ńjìnnì ti lọ", ẹ ní kó gbé géèjì kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí kò bá ní in, kó lọ yá a. Ẹ má fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́ títí géèjì yóò fi dé.

Bátìrì gbọ́dọ̀ kún. Kí wọ́n tú gbogbo púlọ́ọ̀gì kúrò, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí wọ́n yọ fíúsì pọ́ǹpù epo. Kí ẹnì kan tẹ àsílérétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kó sì yí kọ́kọ́rọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi yí bí ìgbà márùn-ún fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù tí ara rẹ̀ ṣì le máa ń wà láàárín 150 sí 200 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tó wà lójú géèjì náà. Ti onídísẹ́ẹ̀lì máa ń kọjá 300. Èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹlẹ̀ sí èyí tó ga jù. Bí èyí tó ga jù bá jẹ́ 180, èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ 153.

Sílíńdà tó bá lọ sílẹ̀, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí tíì kan sí ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà bá gòkè dáadáa, ríìngì ara písítìn ló ti jẹ. Bí kò bá kúrò lójú kan, fáàfù ni tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tó dí àárín búlọ́ọ̀kù àti hẹ́ẹ̀dì. Bí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ló sábà máa ń jẹ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdí láti ra ẹ́ńjìnnì. A tún un sọ: gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdí láti ra ẹ́ńjìnnì.

Ní ti èéfín: èyí tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Funfun tó ń tú lọ láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ló ń wọlé. Dúdú, epo ló pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè má ní àrùn kankan. Bí ọ́ìlì bá ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ẹ má wa ọkọ̀ náà dé ìta mọ́.

Èyí tí àtúnṣe tó, èyí tí kò tó

Bó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gbé irin tó gún régé lé ojú sílíńdà hẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n fi féèlà géèjì, àwọn ewé irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Toyota, bí ewé mìlímítà 0.05 kò bá rí àyè wọlé, ó dára. Bó bá wọlé, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá ojú hẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó dè é padà. Mẹkáníìkì tó bá fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé ojú tó ti tẹ̀ ti fi owó yín ṣòfò.

Bó bá jẹ́ ọ́ìlì ló ń jẹ, ẹ wọn iye tó ń jẹ. Ìdajì lítà ní kìlómítà 1,000, ẹ máa bù kún un, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Lítà kan ní kìlómítà 1,000, ó ti tó láti ṣe ríìngì. Ẹ̀yin tí ẹ ní Camry 2.4 tí wọ́n ń pè ní Muscle, ti 2007 sí 2009, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ́ìlì jíjẹ ti wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn láti ìpilẹ̀ rẹ̀, Toyota fúnra wọn sì ṣe písítìn àti ríìngì tuntun fún un. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀ kan náà, àìsàn kan náà ni ẹ tún rà.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tọ́ sí pípààrọ̀ ni ìgbà tí búlọ́ọ̀kù bá ti là, tí kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kránkì, bá ti já lu búlọ́ọ̀kù, tí kránkì, irin tí písítìn ń yí, bá ti họ débi tí èékánná fi ń kọ́ ọ, tàbí tí sílíńdà mẹ́ta nínú mẹ́rin bá wà lábẹ́ 100 psi. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, bí owó àtúnṣe kò bá ju ìdajì owó tòkunbọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ, ẹ tún un ṣe. Bí ṣáṣì ọkọ̀ bá sì ti jẹrà, ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó pa á

Ibí ni owó yín ń gbà lọ.

Ẹ wo iwájú rédíétọ̀. Ọkọ̀ tó ń gba inú igbó kòkó máa ń kó èso koríko àti ewé wẹ́wẹ́ sáàárín irin tín-ín-rín iwájú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí ibi gbà. Ẹ fi omi tí kò le fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lásìkò kòkó. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á.

Omi odò, rárá. Omi kànga, rárá. Kúláǹtì ìdajì, omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ ìdajì. Bí ẹ bá sì ń bu omi kún un láràárọ̀, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá ibi tó ti ń jò dípò kí ẹ máa gbé jálá omi kiri.

Ìdérí rédíétọ̀ kì í ṣe ìdérí lásán. Èyí tí wọ́n kọ 0.9 tàbí 1.1 sí lórí, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti le, ẹ sọ ọ́ nù.

Thermostat, fáàfù kékeré tó ń ṣí fún omi rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń yọ ọ́ sọ nù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in ń pẹ́ kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ, epo tó ń jẹ ń pọ̀, ara rẹ̀ sì ń yára jẹ. Láti dán thermostat wò, ẹ sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ìwọ̀n 82 sí 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ ra tuntun.

Ẹrù ńkọ́? Àpò kòkó kan jẹ́ kílò 62.5, àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kó àpò 25 sínú pikọ́ọ̀pù tọ́ọ̀nù kan gun òkè Ìdànrè, kílò 1,562.5 ni ẹ gbé lé e. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí abẹ́rẹ́ géèjì ooru tó wà níwájú dírẹ́bà bá wọ pupa, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí. Ẹ má da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì gbígbóná, hẹ́ẹ̀dì lè là. Dírẹ́bà tó ní "ó kù díẹ̀ ká dé ọjà" nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú pupa ń fi ọkọ̀ olówó ṣeré, ó sì ń fi ẹ̀mí àwọn tó jókòó lé ẹrù lẹ́yìn ṣeré pẹ̀lú.

Bó bá di dandan láti rà

Yálà ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ni ẹ ti rà á tàbí Àkúrẹ́ níbí, ẹ fi sípánà yí kránkì rẹ̀ ní yíyí méjì gbáko kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ bá ẹni tó tà á ṣàdéhùn ọjọ́ ìdánwò, kó sì kọ ọ́ sára rìsíìtì.

Wọ́tà pọ́ǹpù, thermostat, họ́ọ̀sì méjèèjì, ìdérí rédíétọ̀, ọ́ìlì síìlì iwájú àti ẹ̀yìn, àti táímìnnì bẹ́líìtì bó bá jẹ́ oníbẹ́líìtì: tuntun ni gbogbo wọn, kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé. Kìlómítà 500 àkọ́kọ́, àpò mẹ́jọ péré. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ọ́ìlì.

Ẹ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kí wọ́n yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ọkọ̀ yín, kí ọlọ́pàá má bàa dá yín dúró lójú ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kó mú ìwé tí nọ́ńbà kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n gbogbo sílíńdà wà nínú rẹ̀ wá, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i, kó sì gbé rédíétọ̀ tí wọ́n ti tú náà dání.