Àpótí wo ló bá bàálù Yúróòpù mu? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn arìnrìnàjò Ìkòròdú

Ìbéèrè tí àwọn tó ń múra àtilọ sí Yúróòpù láti Ìkòròdú máa ń bi wá la kó jọ síbí. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn wa: bàálù tó há jù nínú gbogbo èyí tí ẹ máa wọ̀ ni kí ẹ fi yan àpótí. Ẹ má fi bàálù ńlá tó máa gbé yín kúrò ní Èkó yàn án.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àpótí onítáyà kan ní Sábó, wọ́n ní ínǹṣì 20 ni, pé ó máa bá mi wọ inú bàálù. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n délé, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 57. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ìdáhùn: Kò jọ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara àpótí nìkan ni ínǹṣì tí àwọn ọlọ́jà ń pè ń tọ́ka sí. Ínǹṣì 20 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51. Táyà abẹ́ rẹ̀ àti ọwọ́ orí rẹ̀ ló fi èyí tó kù kún un, bẹ́ẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ bàálù ń ka táyà, wọ́n ń ka ọwọ́, wọ́n sì ń ka àpò iwájú tó bá wú.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n rèé. Téèpù téélọ̀ ti tó. Ojú kan rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì, ojú kejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà, ojú kejì yìí ni kí ẹ lò. Ẹ di ẹrù sínú àpótí ná, torí àpótí aláṣọ tó ṣófo máa ń tẹ́, tí ẹrù bá wọ̀ ọ́n tán, ikùn rẹ̀ á yọ. Ẹ gbé e dúró lórí táyà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí ẹ ti ọwọ́ gígùn rẹ̀ wọlé pátápátá. Ẹ wá fi ìwé líle kan lé e lórí kí etí ìwé náà kan ògiri, kí ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ìwé náà. Láti ilẹ̀ dé ìlà yẹn ni gíga àpótí yín. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi wọn fífẹ̀ rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń gbà wọ inú bàálù kò dọ́gba. Lufthansa àti Turkish Airlines ń gba sẹ̀ǹtímítà 55 × 40 × 23 (gíga, fífẹ̀ àti nínípọn), kílò 8. KLM àti Air France ń gba 55 × 35 × 25, ṣùgbọ́n kílò 12 tí wọ́n fún yín ti ka báàgì kékeré ọwọ́ yín mọ́ ọn. Virgin Atlantic ń gba 56 × 36 × 23, British Airways ń gba 56 × 45 × 25. Ẹ ò rí i pé 57 yín ti ga ju ti gbogbo wọn lọ. Àpótí tó fẹ̀ tó 40 tí Lufthansa gbà lè di wàhálà lọ́dọ̀ KLM tí kò gbà ju 35 lọ. Tí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, 55 × 35 × 20 ni kí ẹ wá. Ìyẹn wọ inú gbogbo ìwọ̀n tí a kà sókè yìí, ó sì tún bá èyí tí àwọn bàálù olówó pọ́ọ́kú ń tà mu.

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Paris, láti ibẹ̀ a máa lọ sí Róòmù. Bàálù ńlá ló máa gbé wa dé Paris, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kílò 23. Tíkẹ́ẹ̀tì Róòmù la rà lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ Ryanair torí ó rọjú. Ṣé àpótí ínǹṣì 28 méjì kò ní pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ó máa dá wàhálà sílẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì kò mọ ara wọn. Bàálù àkọ́kọ́ kò ní taari ẹrù yín sí ìkejì. Ẹ máa gba àpótí yín ní Paris, ẹ tún máa gbé e lọ sí pápákọ̀ mìíràn. Àwọn bàálù Ryanair tó ń kúrò ní apá Paris, Beauvais ni wọ́n ti ń gbéra, ibẹ̀ sì jìnnà sí ìlú náà ju kílómítà 70 lọ. Ẹ má fi wákàtí díẹ̀ péré sáàárín bàálù méjèèjì.

Tíkẹ́ẹ̀tì Ryanair tó rọjú jù, báàgì kan ṣoṣo tí kò ju 40 × 30 × 20 lọ ló wà nínú rẹ̀. Báàgì iléèwé ọmọ ni ìyẹn, kì í ṣe àpótí. Wizz Air náà fi sí 40 × 30 × 20. EasyJet lawọ́ díẹ̀, 45 × 36 × 20. Ẹni tó bá gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ dé ẹnu géètì máa sanwó níbẹ̀, owó géètì sì máa ń ga gan-an ju èyí tí ìbá san lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkínní: kí ẹ ra ààyè ẹrù abẹ́ bàálù mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì Róòmù báyìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ṣọ́ra síbí: kílò 20 ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lọ́dọ̀ wọn. Àpótí tó jẹ́ kílò 23 géérégé ní Èkó, tó gba káńtà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, máa di ẹrù tó fi kílò 3 lé ní Beauvais. Torí náà, kílò 20 ni kí ẹ dì láti ilé, kí ẹ gbàgbé 23.

Ìkejì, èyí tí àwa fẹ́ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín mú àpótí 55 × 35 × 20 kan àti báàgì ẹ̀yìn kan, kí ẹ ra àǹfààní Priority ti Ryanair, tó ń jẹ́ kí èèyàn gbé àpótí 55 × 40 × 20 tí kò ju kílò 10 lọ mọ́ báàgì kékeré rẹ̀. Tó bá jẹ́ Air France ló gbé yín wá, báàgì kékeré tiwọn kò gbọ́dọ̀ nípọn ju 15 lọ, nítorí náà ẹ má kì í kún lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ tó tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà wọ inú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó sì máa fọ̀ ọ́.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í rò nígbà tí wọ́n bá ń yan àpótí: àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris ni kò ní ẹ̀rọ agbénisókè, àtẹ̀gùn lásán ni. Ní Venice, àtẹ̀gùn ló wà lórí ọ̀pọ̀ afárá. Ẹ má gbọ́kàn lé alábàárù níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ di àpótí náà tán, kí ẹ gbé e gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Kétu tàbí Òjótà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé òkè, ẹrù yẹn ti wúwo jù fún yín, ohun yòówù tí tíkẹ́ẹ̀tì ì báà sọ.

Ìbéèrè: Mo ń lọ bá ọmọ mi ní Jámánì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja kíkà àti pọ̀ǹmọ́ ni mo fẹ́ kó. Àpótí mẹ́rin tó ń wọ inú ara wọn ni mo rà. Ṣé èyí tó tóbi jù ni kí n lò?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, mọ́mì, Ọlọ́run á wo ọmọ náà. Ẹ má lo èyí tó tóbi jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀.

Àpótí ínǹṣì 28 ń gba nǹkan bí lítà 100, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń tó kílò 4 sí 5 lófìfo. Nínú kílò 23, ó ku nǹkan bí 18 fún ẹrù. Oúnjẹ gbígbẹ bíi gàrí àti èlùbọ́ wúwo: lítà kan rẹ̀ lé ní ìdajì kílò. Kí àpótí yẹn tó kún dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, kílò yín ti pé. Ààyè yòókù á wá máa wò yín lójú, ẹ ó ní kí ẹ fi aṣọ kan kún un, kí ẹ fi bàtà kan kún un, bó ṣe ń di kílò 30 nìyẹn. Ínǹṣì 24, tó ń gba nǹkan bí lítà 65, ni ti oúnjẹ. Èyí tó tóbi, aṣọ àti aṣọ òtútù ló wà fún.

Èyí tó tóbi jù nínú mẹ́rin yẹn tún lè kọjá ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù, Lufthansa, KLM àti Air France pẹ̀lú, ní kí gíga, fífẹ̀ àti nínípọn tí a bá ro wọ́n pọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Àpótí tó jẹ́ 78 × 52 × 31 ti di 161. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dì í.

Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa. 1PC túmọ̀ sí àpótí kan, 2PC sí méjì, 0PC sì túmọ̀ sí pé ẹ kò ní ẹrù abẹ́ bàálù rárá. Tó bá jẹ́ méjì oníkílò 23, ẹ kò lè kó 46 sínú ẹyọ kan, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba àpótí kan tó bá ti ju kílò 32 lọ, kódà tí ẹ bá fẹ́ sanwó.

Ní ti oúnjẹ náà, ẹ fi pọ̀ǹmọ́ sílẹ̀. Ẹran àti ohun tó ti ara ẹran wá, wàrà pẹ̀lú, kò gbọ́dọ̀ wọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù láti Nàìjíríà nínú ẹrù arìnrìnàjò. Kílíṣí náà wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbà á dànù, wọ́n sì lè ní kí ẹ sanwó ìtanràn. Wọ́n gba ẹja kíkà láàyè tí kò bá ju kílò 20 lọ. Iṣu àti ata tútù nílò ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kòkòrò kò sí lára wọn, nítorí náà ata gbígbẹ lílọ̀ ni kó bá yín lọ.

Ẹja ni kí ẹ dì dáadáa jù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kan eegun, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá méjì tó nípọn, kí ẹ wá fi ike olómorí dé gbogbo rẹ̀. Bí òórùn ẹja bá wọ inú aṣọ inú àpótí, kò ní kúrò bọ̀rọ̀, aṣọ ọmọ tuntun á sì gbà á. Ẹ fi ẹja sínú àpótí kan, kí ẹ fi aṣọ ọmọ sínú èkejì.

Ìbéèrè: Èwo ló dára jù, àpótí alágídí (èyí tí ara rẹ̀ le) tàbí aláṣọ? Táyà méjì ńkọ́, tàbí mẹ́rin?

Ìdáhùn: Fún ilẹ̀ tí wọ́n fi òkúta tẹ́, tó pọ̀ nínú àwọn ìlú àtijọ́ Yúróòpù, táyà méjì tó wà nínú ara àpótí ló ń pẹ́. Táyà mẹ́rin rọrùn nínú pápákọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ síta, wọ́n ń jẹ sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ nínú gíga yín, òkúta sì tètè ń ṣẹ́ wọn.

Àpótí alágídí ń dáàbò bo ohun tó lè fọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ níwájú ọlọ́jà. Èyí tó dáa á tẹ̀, á sì padà sípò. Èyí tó le gbagidi tàbí tó funfun níbi tí ẹ tẹ̀, sísán ló máa sán. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè pẹ̀lú: táyà tí wọ́n fi ìdè (screw) dè ṣeé pààrọ̀, èyí tí wọ́n kàn mọ́ra pa ló ń fún àwọn tó ń tún báàgì ṣe ní wàhálà.

Ìbéèrè: Nílé, ìwọ̀n wa sọ pé kílò 23. Ní pápákọ̀, ó di 25. Ìwọ̀n ta ni ká gbà?

Ìdáhùn: Tiwọn ni ẹ máa sanwó sí, torí náà ẹ dán tiyín wò. Àpò píọ̀ wọ́tà tó ní ẹyọ 20 nínú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, wúwo tó kílò 10. Ẹ gbé e lé orí ìwọ̀n yín. Tó bá fi kílò 8 hàn, ẹ ti mọ iye tó ń purọ́. Ìwọ̀n onígíláàsì tí a ń dúró lé kì í sọ òótọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì, orí táìsì tàbí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e lé. Ẹ gun orí rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, ẹ gun ún pẹ̀lú àpótí lọ́wọ́, kí ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Ẹ fi kílò kan sílẹ̀ fún àṣìṣe.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi power bank sínú àpótí ńlá kí ọwọ́ mi lè fúyẹ́?

Ìdáhùn: Rárá. Bátìrì rẹ̀ lè gbiná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó lè pa á. Inú báàgì ọwọ́ ni ààyè rẹ̀. Èyí tí agbára bátìrì rẹ̀ kò ju 100Wh lọ kò nílò àṣẹ. 20,000mAh tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 74Wh. Ìpara àti lọ́fíńdà tó bá ju 100ml lọ ni kí ẹ fi sínú àpótí ńlá dípò rẹ̀.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ṣẹ́ táyà àpótí mi nínú bàálù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e jáde nínú gbọ̀ngàn ìgbẹrù. Ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù náà ní káńtà tó wà níbẹ̀, kí ó kọ ìwé ìjábọ̀ fún yín. Ẹ ya fọ́tò àpótí náà, ẹ ya fọ́tò bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì já bébà náà dànù. Tí ẹ bá ti jáde kí ẹ tó rí i, ọjọ́ 7 péré ni òfin ìrìnnà òfuurufú àgbáyé fún yín láti kọ̀wé sí wọn, a sì ń kà á láti ọjọ́ tí ẹ gba ẹrù náà. Tó bá jẹ́ pé àpótí pẹ́ kó tó dé ni, ọjọ́ 21 ni.