Ológbò Nínú Ọkọ̀-Ilé: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù àti Ìdáhùn Wọn

Bí ìgbà ooru bá ti ń sún mọ́ ní Ìlú Ọba, ìbéèrè kan náà ni àwọn tí ó fẹ́ mú ológbò wọn rìnrìn-àjò máa ń bi mí. Mo ti dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi, kì í ṣe nítorí pé ìbéèrè burú, bí kò ṣe nítorí pé ẹranko ni ó ń jìyà nígbà tí a bá béèrè lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ọkọ̀-ilé ni mo ń pe èyí tí ìjókòó awakọ̀ àti ibùsùn wà nínú ọkọ̀ kan náà. Kárávàànù ni èyí tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ológbò sínú kárávàànù nígbà tí mo bá ń fà á lọ?

Rárá. Inú mọ́tò tí ó ń fa kárávàànù ni ológbò gbọ́dọ̀ wà.

Ìbéèrè: Ológbò mi kò fẹ́ràn àgò. Ṣé ó lè máa rìn káàkiri bí mo ṣe ń wakọ̀?

Kò gbọdọ̀ rìn káàkiri. Òfin 57 nínú Highway Code, ìwé òfin ojú ọ̀nà Ìlú Ọba, sọ pé kí a dá ẹranko dúró lọ́nà tí kò fi ní gba ọkàn awakọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tí kò sì ní ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Àgò tí ó le, tí a fi bẹ́líìtì dè mọ́ ìjókòó, ni ó bá èyí mu. Abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, níbi tí bíréèkì wà, ni ológbò tí ẹ̀rù ń bà máa ń sá sí.

Ìbéèrè: Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń bì.

Mímì ọkọ̀ ni ó ń dà á láàmú. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó mu omi. Ẹ gbé àgò sí ibi tí kò ga, láàárín ọkọ̀, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó ń mì jù. Bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, dókítà ẹranko ní oògùn kan tí a ń pè ní maropitant. Ẹ má ṣe fún ológbò ní oògùn ènìyàn. Paracetamol díẹ̀ lè pa á. Mo ti kọ gbólóhùn yìí ju èyíkéyìí lọ, n ó sì máa kọ ọ́ lọ.

Ìbéèrè: Láti ìgbà tí a bá ti gbéra títí a ó fi dé ni ó ń ké.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi àwọn tí ó bá kọ èyí sí mi ni ọjọ́ tí ológbò náà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ìdáhùn tí mo sábà máa ń gbà ni pé òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra ni. Ajá lè fara mọ́ ibikíbi tí ó bá ti rí ẹni tí ó ni ín. Ní ti ológbò, ibi tí òórùn ara rẹ̀ wà ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, ọkọ̀ tí ó kún fún òórùn rọ́bà àti dísẹ́ẹ̀lì kò sì jọ ilé lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró níwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ máa bọ́ ológbò nínú rẹ̀, kí ilẹ̀kùn àgò sì wà ní ṣíṣí pẹ̀lú aṣọ tí ó máa ń sùn lé nínú rẹ̀, aṣọ tí ẹ kò fọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìgbéra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká, kí ẹ sì padà sílé. Ìgbà tí ó bá ti lè jẹun lẹ́yìn irú ìrìn kékeré bẹ́ẹ̀ ni ó tó gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Feliway, tí a ṣe láti fara wé òórùn tí ológbò ń fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra ara nǹkan, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ bí a bá fín in sínú àgò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kí ológbò tó wọ ibẹ̀. Kì í ran gbogbo wọn lọ́wọ́. Fún ológbò tí ẹ̀rù ń bà gidi, dókítà ẹranko lè kọ oògùn amárabalẹ̀ kan tí a ń pè ní gabapentin. Ẹ dán an wò nílé ní ọjọ́ tí ẹ kò lọ síbì kankan, kí ẹ lè mọ bí yóò ti ṣe é.

Ìbéèrè: Ó kọ̀ láti lo àwo ìyàgbẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹ mú irú iyanrìn tí ó ń lò nílé dání, kí ẹ má sì yí i padà nítorí ìrìn-àjò. Balùwẹ̀ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbé àwo náà sí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti lè bo ihò tí omi ń gbà jáde níbẹ̀, nítorí iyanrìn alámọ̀ tí ó máa ń dì yóò wú nínú páìpù, yóò sì dí i.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n lọ wo ìlú fún wákàtí díẹ̀?

Bí ojú ọjọ́ bá tutù, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá wà, ẹ má ṣe é, àfi kí ẹnìkan dúró tì í. Ní ọjọ́ tí ìta bá wà ní ìwọ̀n 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú mọ́tò tí a tì pa lè dé 47 láàárín wákàtí kan. Àwọn tí ó gbójú lé ẹ̀rọ amúlétutù gbọ́dọ̀ rántí pé iná ibùdó, ibi tí a ń gbé ọkọ̀-ilé dúró sí, ni ó ń lò, àti pé ní ọ̀pọ̀ ibùdó ní ilẹ̀ Faransé, iná tí kò ju ámúpìà 6 tàbí 10 lọ ni wọ́n ń fúnni. Bí ẹ̀rọ tí ń gbé omi kaná àti ẹ̀rọ amúlétutù bá jọ ń ṣiṣẹ́, iná lè já lẹ́yìn yín, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a padà. Ológbò tí ó la ẹnu, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ti wà nínú ewu. Ẹ fi omi tútù rin irun rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: A ti wá gbogbo inú ọkọ̀, a kò rí i, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ó lè wà?

Ó wà nínú ọkọ̀. Ìṣòro yìí ni mo bá jà jù, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí pé àwọn tí kò tíì rí i rí rò pé ọkọ̀-ilé jẹ́ yàrá kan tí a lè fi ojú wò tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ni àyè òfìfo wà, tí páìpù omi, páìpù gáàsì, wáyà iná àti páìpù afẹ́fẹ́ gbígbóná gbà kọjá, àwọn tí ó kan inú ọkọ̀ sì máa ń gé ihò wọn tóbi ju páìpù lọ kí iṣẹ́ lè yá. Ibi tí orí ológbò bá ti lè gbà, ara rẹ̀ sábà máa ń tẹ̀lé e.

Abo ológbò kan tí mo ní, dúdú tí àyà rẹ̀ funfun, kì í fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Yóò jẹun, yóò sùn, yóò jókòó máa wo ẹyẹ lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tí a bá fẹ́ kúrò ní ibùdó, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà iná, a kò ní rí i mọ́. Nígbà kan lẹ́bàá adágún Windermere, wákàtí tí ó yẹ kí a kúrò ti kọjá, àwọn tí wọ́n fún ní àyè wa ti dé pẹ̀lú kárávàànù wọn, a ṣì ń tú dúrọ́ọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ni a ti rí i lọ́jọ́ náà, nítorí pé kò sí pákó lẹ́yìn ibẹ̀. Mo fi pákó dí i. Nígbà tí a tún jáde, ó tún pòórá. Ìdí ìjókòó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni ó gbà, níbi tí wáyà bátìrì ti kọjá. Mo dí ìyẹn náà. Ó tún pòórá.

Ìgbà yìí ni mo jáwọ́ nínú wíwá ológbò, tí mo wá ń wá ihò. Ní alẹ́, mo pa gbogbo iná ọkọ̀, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sínú kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ jáde. Níbi tí kò dá mi lójú, mo bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ kí a tó sùn. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ọ̀nà hàn mí nígbà tí ilẹ̀ mọ́: ihò páìpù afẹ́fẹ́ gbígbóná lábẹ́ ibùsùn ni ó ń gbà wọlé, a sì ti gé ihò náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì páìpù. Láti ibẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá lórí táyà, títí dé abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níbi tí ọ̀pá sítíárì àti fáànù wà. Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá gbéra nígbà tí ẹranko wà níbẹ̀.

Mo gé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí páìpù náà ká, mo fi síkúrúù dè é. Síbẹ̀ ihò dídí nìkan kò tó, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fẹ́ gbọ́ nìyí. Ẹ̀rù ni ó ń lé e wọ inú ihò, bí a bá sì dí ọgọ́rùn-ún ihò, yóò wá èyí tí ó kù. Mo gbé àgò rẹ̀ síwájú ibi tí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, mo fi aṣọ dúdú bò ó, mo sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí ó lè ní ibi òkùnkùn kan tí ó móoru tí ẹnikẹ́ni kò ní fà á jáde nínú rẹ̀. Mo tún yí ètò òwúrọ̀ wa padà: inú àgò ni ó ti ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ ìwọ̀nba, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì ti wà ní títì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà tàbí tábìlì ìta. Láti ìgbà náà kò sá pamọ́ mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, àwọn ihò kan wà ní ilẹ̀ ọkọ̀ tí a kò gbọdọ̀ dí láéláé: gáàsì tí a ń fi dáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rọ̀ sí bí ó bá jò, àwọn ihò náà sì ni ó ń gbà jáde. Àwọn ojú afẹ́fẹ́ fìríìjì náà wà lára ohun tí a kì í dí. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ó jẹ́ ihò gáàsì yàtọ̀ sí ihò wáyà, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ọ̀kankan. Ẹ pe òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Gas Safe, àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ gáàsì ní Ìlú Ọba, tí ó sì ní ẹ̀rí fún gáàsì ọkọ̀-ilé. Ìkejì, ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì tí ń gbé ibùsùn sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ti fi ojú rí gbogbo ológbò. Ìkẹta, bí ó bá wà nínú dáṣíbọọ̀dù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé oúnjẹ olóòórùn sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹ má ṣe tú dáṣíbọọ̀dù fúnra yín, nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ lè bẹ́ lù yín. Mẹkáníìkì ni kí ẹ pè.

Ìbéèrè: Ó ti jáde gba ojú fèrèsé ní ibùdó.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi sí fèrèsé ọkọ̀ kò lè dá èékánná ológbò dúró. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wá abẹ́ àwọn ọkọ̀ tí ó wà nítòsí nígbà tí ibùdó bá pa rọ́rọ́ lálẹ́, nítorí ológbò tí ẹ̀rù ń bà kì í sábà jìnnà, kì í sì í dáhùn bí a bá pè é. Ẹ sọ fún ọ́fíìsì ibùdó àti àwọn dókítà ẹranko àdúgbò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2024, òfin ti sọ pé gbogbo ológbò tí a ń sìn gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù lára, ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 20, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè dé £500. Ṣíìpù tí nọ́ńbà fóònù àtijọ́ ṣì wà nínú ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ìwé wo ni a nílò láti mú un dé ilẹ̀ Faransé?

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni ìwé ìrìnnà ẹranko tí wọ́n fúnni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales kò ti wúlò mọ́ ní Yúróòpù. Ìwé ẹ̀rí ìlera ẹranko ni ẹ nílò, dókítà ẹranko tí ìjọba fún láṣẹ ni ó ń kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 10 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó wọlé. Ṣíìpù ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú, tàbí kí ó bá abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi rìn lọ́jọ́ kan náà. Ológbò gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 12 kí ó tó gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 21 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ìwé náà wúlò fún oṣù mélòó kan fún lílọ káàkiri àti pípadà wálé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún fẹ́ jáde, tuntun ni ẹ ó gbà. Oògùn aràn tí wọ́n ń béèrè fún ajá nígbà ìpadàbọ̀ kò kan ológbò. Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun láti Folkestone sí Calais, tí ó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, ológbò yóò wà pẹ̀lú yín nínú ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, wọn yóò yẹ ṣíìpù rẹ̀ wò ní Calais, nítorí náà inú àgò ni kí ó wà kí ẹ tó dé ẹnu ibodè.

Ìbéèrè: Akọ ológbò mi ń lọ sí àwo rẹ̀ léraléra láti àná, ó ń tiraka, kò sì sí nǹkan tí ń jáde.

Ẹ má ṣe ka ìyókù ohunkóhun. Ẹ pe dókítà ẹranko báyìí, kódà bí ó bá jẹ́ òru. Ìpayà ìrìn-àjò àti àìmu omi tó lè mú kí àpò ìtọ̀ ológbò wú, ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó lè dí pátápátá. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan ń rò pé kò rí ìgbẹ́ yà ni, wọ́n ń fún un ní òróró, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ má ṣe dán an wò, nítorí àpò ìtọ̀ tí ó ti kún lè bẹ́. Kí ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ kọ nọ́ńbà dókítà ẹranko tí ń ṣiṣẹ́ lóru ní agbègbè ibùdó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fìríìjì ọkọ̀, kí ẹ sì máa po omi púpọ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà.