Bí Mo Ṣe Ka Ẹyẹ Lóko Kan Lọ́nà Ìgbátòrò

Oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìgbátòrò, lẹ́yìn Àkúrẹ́ díẹ̀, ọ̀pẹ sì wà létí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá olóko, mo sì béèrè ibi tí wọ́n dẹ tàkúté òkété sí, torí òkè lẹni tó ń wo ẹyẹ máa ń wò rìn.

Òpin oṣù Kẹwàá ni, agogo 6:30 àárọ̀. Wákàtí méjì ni mo fi kà, nítorí ohun tó kéré jù tí Nigeria Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń ya máàpù ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, ń gbà fún àkójọ kíkún nìyẹn. Kìlómítà kan ni mo rìn. Mo dúró lẹ́ẹ̀mẹfà, ìṣẹ́jú 15 níbi kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Bí oòrùn bá wà níwájú, gbogbo ẹyẹ á di dúdú lójú ẹni. Awò awọ̀nàjíjìn 8×42 ni mo mú: ó ń mú nǹkan tóbi lẹ́ẹ̀mẹjọ, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 42. Ojú lásán ni mo kọ́kọ́ fi mú ẹyẹ. N kò gbójú kúrò lára rẹ̀ títí awò fi dé ojú.

Lékelèké, àfi kí wọ́n bà sílẹ̀ kéèyàn tó kà wọ́n. Bí wọ́n bá ń fò tẹ̀lé màlúù, èèyàn á ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ 34. Àwòdì ní tirẹ̀ ń yí po lókè, nítorí náà iye tó pọ̀ jù tí mo rí lẹ́ẹ̀kan náà ni mo kọ: mẹ́ta. Ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ti àṣá kò là.

Orí ọ̀pẹ ẹ̀gà ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Akọ kò ṣòro mọ̀: ara àwọ̀ ìyeyè, orí dúdú, ojú pupa. Abo ló ń ṣini lọ́nà, ẹlòmíràn á kà á mọ́ ológosẹ́. Ẹ má sì fi iye ìtẹ́ díwọ̀n iye ẹyẹ. Akọ kan lè hun ìtẹ́ mélòó kan. Èyí tí abo bá kọ̀ títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ náà á tú u dànù. Mo tẹjú mọ́ ọ̀kan: ó dorí kodò lábẹ́ ìtẹ́ tútù, níbi tí ẹnu ọ̀nà wà, ó ń gbọn ìyẹ́ pẹ̀ẹ̀pẹ̀ẹ̀ kí abo lè wọlé wò ó. Irú èyí dùn mọ́ mi ju iye lọ.

Àparò méjì àti ẹlúlùú kan, ohùn wọn nìkan ni mo gbọ́. Ti ẹlúlùú ń ró bí omi tó ń dà lẹ́nu ìgò. Mo kọ “gb”, ìyẹn “gbígbọ́”, sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà nínú koríko tí n kò dá mọ̀. N kò fún un lórúkọ. Mo kọ bí àgógó ẹnu rẹ̀ ṣe gùn tó, àwọ̀ ìrù rẹ̀, àti ibi tó bà sí.